Àpò Ẹ̀ṣẹ́ Tí Ọkọ Mi Rán

                                        Òkè Kejì, Ilé Aránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Adúmáadán, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé? Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fún un nísinmi? Àwọn ìbejì ńkọ́? Mo mọ̀ pé wọ́n á ti ga ju tábìlì ìdáná rẹ lọ báyìí. Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti gbà kí wọ́n máa gun àtẹ̀gùn? Bá mi kí wọn kí o tó ka ìyókù ìwé yìí, torí tí o bá kà á tán, o lè gbàgbé.

Mo jẹ̀bi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lo pè mí tí mi ò gbé fóònù. O kọ̀wé, mi ò fèsì. Má bínú, má sì rò pé ẹlòmíràn ti gbà mí lọ́wọ́ rẹ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, mi ò lè jókòó lójú kan pẹ́ tó láti kọ ìlà márùn-ún. Kódà bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta: mo lọ wo ilẹ̀kùn, mo lọ pa iná tí ẹnikẹ́ni ò tàn, mo lọ mumi nígbà tí òùngbẹ ò gbẹ mí. Aago mẹ́rin ìdájí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Tó bá di márùn-ún, mo gbọ́dọ̀ jáde kúrò nílé yìí lọ síbi iṣẹ́, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi á gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

O mọ̀ pé ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlá. Èmi ni mò ń po ìyẹ̀fun, èmi ni mò ń gé e, tí mò ń tò ó sínú agolo. Ẹni tó bá fẹ́ kí búrẹ́dì jáde kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jí ò gbọ́dọ̀ sùn dìgbà tílẹ̀ mọ́, nítorí náà ìdájí ni mo máa ń rìn lọ. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kìíní, mo dé ẹ̀gbẹ́ ògiri gígùn tó wà lẹ́yìn ilé epo, ọkùnrin kan yọ sí mi. Kò mú ọ̀bẹ, kò mú igi. Ó kàn nawọ́, ó ní, "Mú báàgì yẹn wá."

Adúmáadán, ìwọ lo mọ ẹnu mi láti ilé-ìwé. Èmi tí mo fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lé tíṣà ìṣirò jáde ní kíláàsì! Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo dijú pinpin, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé báàgì náà fún un, mo ní, "Ẹ gbà, sà." Mo fi "ẹ" bá olè sọ̀rọ̀! Mo tún fi sà sí i! Díẹ̀ ló kù kí n kúnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò sì ju ti ẹni tí mo lè bí lọ.

Ó gbà á, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò fọwọ́ kàn mí. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé kí n dúpẹ́, mo sì ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n tí mo bá dúpẹ́ tán, mo tún ń rántí ohùn ara mi. Báàgì yẹn ò dùn mí tó "ẹ gbà, sà."

Láti ọjọ́ náà lara mi ò ti balẹ̀ mọ́. Ìkòkò tó mọ́, mo ń fọ̀ ọ́. Ilẹ̀kùn tí mo tì, mo ń padà lọ wò ó. Tí alùpùpù bá bú nísàlẹ̀, mo ti fò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo múra iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn tí mo yí padà wọlé. Ọ̀gá wa obìnrin ní sùúrù, ó ní kí n sinmi. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ránṣẹ́ pé òun á fi ààyè mi sílẹ̀ dé ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta; tí mi ò bá yọjú lọ́jọ́ náà, òun á fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Òní ni ọjọ́ kẹrìnlá.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti ń ṣe láàárín ìgbà yẹn, kí o lè bá mi rẹ́rìn-ín. Kọ́kọ́rọ́ ilé wà nínú báàgì tí olè gbé, nítorí náà ọkọ mi lọ pe bàbá kan tó máa ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ ti lé ní àádọ́rin ọdún, imú wọn sì wọ́ sápá kan bí ẹni pé ó fẹ́ gbọ́rọ̀ létí wọn. Bí wọ́n ṣe fi òòlù lu ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo kígbe, abọ́ já bọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ta ló nà ọ́?" Mo ní kò sẹ́ni tó nà mí. Wọ́n ní, "Èyí tí wọn ò nà yẹn gan-an ló máa ń le."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé akànṣẹ́ ni wọ́n nígbà èwe. Wọ́n ní kí n so àpò ẹ̀ṣẹ́ kan kọ́ sílé, kí n máa kàn án díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe torí ìjà, torí kí ara lè ríṣẹ́ ṣe; àwọn á máa wá kọ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, kí n máa bá àpò fa wàhálà? Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. O mọ aránṣọ yẹn, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó wá aṣọ líle tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀, ó rán an bí àpò gígùn, ó rán etí rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin. Gbogbo àjákù aṣọ tó ti ń kó jọ sábẹ́ máṣíìnì láti ọdún mẹ́ta ló rọ sínú rẹ̀, tó ń fi igi kì í mọ́lẹ̀ títí ó fi le. Ó wá fi ẹ̀wọ̀n irin so ó rọ̀ mọ́ igi àjà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn.

Mi ò dúró de olùkọ́. Mo di ẹ̀ṣẹ́, mo ki àtàǹpàkò bọ àárín, mo sì fi gbogbo ìbínú ayé lù ú. Àpò ò mì. Ọrùn ọwọ́ mi ló mì. Fún ọjọ́ mẹ́rin, ọkọ mi ló ń bá mi dirun. Fojú inú wo bí orí mi ṣe rí.

Nígbà tí Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ dé, wọ́n wo ọwọ́ tó wú, wọ́n pòṣé. "Ta ló ní kí o jà? Ìdúró la kọ́kọ́ ń kọ́." Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ìdúró ni: ẹsẹ̀ òsì níwájú, ti ọ̀tún lẹ́yìn, kí orúnkún rọ̀, kí ọwọ́ méjèèjì wà lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àtàǹpàkò, ìta ni kó wà, kó sùn lé àwọn ìka lórí. Ọ̀já gígùn ni wọ́n fi ń wé ọwọ́ mi láti ọrùn ọwọ́ dé oríkèé ìka kí n tó ki ìbọ̀wọ́ bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan òsì. Òsì, òsì, ọ̀tún. Wọ́n ní kí n má máa ti àpò bí ẹni ń ti ọkọ̀ tó kú. Kí n kàn án, kí n sì tètè gba ọwọ́ mi padà. Kí n mí síta bí ọwọ́ bá ṣe ń jáde. Ìṣẹ́jú méjì, ìsinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ẹ̀mẹta, ó parí. Mo ní ṣé kò kéré jù? Ẹ̀ẹ̀kejì ò tíì pé tí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí àpò ìyẹ̀fun tó já.

Ìyá Ìsàlẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì tó ń gbé abẹ́ wa, gun òkè wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Eruku àjà ti já sínú ọbẹ̀ wọn. "Ṣé òkúta lẹ ń fọ́ lókè yìí ni?" Mo mú wọn lọ wo àpò. Wọ́n yí i ká, wọ́n ní ṣé àwọn lè kàn án. Wọ́n kàn án lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nìyẹn." Wọ́n kàn án lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò sọ ẹni tó ni ìyẹn. A fẹnu kò pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá jáde lọ nasẹ̀, ni kí n máa ṣe tèmi.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ mi. Àṣìṣe kan péré ni bàbá ń tẹnu mọ́. Wọ́n ní, "O ń dijú." Mo ní rárá. Wọ́n pe ọkọ mi kó wá wò ó. Òótọ́ ni: gbogbo ìgbà tí ọwọ́ mi bá ti ń jáde, ojú mi á pa dé. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá dijú ò ní mọ ẹni tó lù." Mo rò pé àwàdà ni wọ́n ń ṣe.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta sí i, mò ń gé àlùbọ́sà. Ọkọ mi ti ẹ̀yìn wọlé wá mú iyọ̀, ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká. Òsì ti jáde, ọ̀tún ti tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo lajú, ọkọ mi ló wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà ní imú rẹ̀ sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun oníbàárà tó fi kọ́ èjìká. Mò ń ké, "Ẹ má bínú! Ẹ má bínú!" Ó gbọ́wọ́ sókè pé kí n dákẹ́. Ó ní, "Ọ̀tún yẹn, ìgbọ̀nwọ́ rẹ ga jù." Mo bú sẹ́rìn-ín, kí n tó mọ̀, ẹ̀rín ti di ẹkún.

Kò bá mi wí, kò tiẹ̀ sọ fẹ́nì kankan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì, kó tó wọ ilé ìdáná, á wúkọ́. Kó tó wọ yàrá, á wúkọ́. Nínú ilé ara rẹ̀! Adúmáadán, ikọ́ yẹn wọ̀ mí lára ju ohunkóhun lọ. Ẹni tó rán àpò fún mi kí ẹ̀rù tó ń bà mí lè lọ ló wá ń bẹ̀rù mi. Mo tú àpò náà sílẹ̀, mo wọ́ ọ lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ dé, mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ní mo ti jáwọ́. Wọ́n ní, "Gbé e padà síbẹ̀. O ti mọ bí ọwọ́ ṣe ń jáde, o ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró." Wọ́n ní kí n kọ ẹ̀yìn sí ọkọ mi, kó wá fọwọ́ kàn mí léjìká. Kí n yí padà, kí n gbọ́wọ́ sókè, ṣùgbọ́n kí n wò ó, kí n sì sọ ohun tí mo rí kí ọwọ́ kankan tó kúrò níbi tó wà. Lọ́jọ́ kìíní, ọkọ mi gbé ọmọrí ìkòkò síwájú imú. Mo yí padà, mo ní, "Ọkọ mi ni. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé. Ó gbé ọmọrí ìkòkò." Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi ṣe é. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó gbé ọmọrí náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo wà nídìí iná, mo kàn rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Mi ò gbọ́ ikọ́ kankan. Mo wò ó, mo ní, "Ẹ fi ṣíbí yẹn sílẹ̀." Ó fi í sílẹ̀. Mo yíjú sí ògiri kó má bàa rí ojú mi.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago márùn-ún lù. Ọkọ mi ti jí, ó ní òun á sìn mí dé ilé epo. Mo ní rárá. Ó ní dé ìsàlẹ̀ ńkọ́? Mo ní rárá. Mo fi bírò sílẹ̀ níbí.

Ọ̀sán ti pọ́n, mo ti dé. Jókòó dáadáa.

Mo jáde, mò ń rìn kíákíá, bàtà mi ń dún gbà, gbà, gbà lórí ọ̀dà. Bí mo ṣe yọ sí ògiri yẹn, mo rí obìnrin kan níwájú, ó fi báàgì há abíyá. Inú mi dùn pé mo rẹ́ni bá rìn, mo bá fẹsẹ̀ sí i. Òun náà fẹsẹ̀ sí i. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Èmi òmùgọ̀, mo sáré tẹ̀ lé e, mò ń pariwo, "Ẹ dúró! Ẹ dúró!" Nígbà tí mo bá a, ó ti lẹ̀ mọ́ ògiri, ó fi báàgì bo àyà.

Ọ̀rẹ́ mi, èmi ni wọ́n ń sá fún!

Mo dúró lókèèrè, mo na ọwọ́ mi méjèèjì sílẹ̀ kó lè rí i pé òfìfo ni. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fòyà. Ilé búrẹ́dì ni mò ń lọ." Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń lé mi?"

Mo ní, "Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ó ní, "Èmi náà ńkọ́?" Ni àwa méjèèjì bá jọ jókòó sórí òkúta etí ọ̀nà, tá à ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ilé ìwòsàn ló ń lọ, òun ló ń tọ́jú ilẹ̀ yàrá àwọn aláìsàn. Ó ní ojoojúmọ́ lòun máa ń sáré kọjá ògiri yẹn. Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀gá wo aago, ó wo ojú mi, ó kàn nawọ́ sí ìyẹ̀fun. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ara mi ò tíì balẹ̀ tán. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí mo ti padà mú bírò. Ṣùgbọ́n èmi àti obìnrin yẹn ti ṣàdéhùn: lọ́la, tí aago márùn-ún bá ti kọjá díẹ̀, lábẹ́ iná ilé epo. Mo bi í bóyá ó máa ń pẹ́. Ó ní òun kì í pẹ́, pé ìbẹ̀rù ni kì í jẹ́ kóun sùn. Mo ní ó dára, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé kó dúró de ẹnì kejì.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Bá mi gbá àwọn ìbejì mọ́ra, kí o sì fi ẹsẹ̀ Màmá sínú omi gbígbóná nítorí tèmi. Ọkọ mi ní kí n kí ọ. Imú rẹ̀ ti san. Tí o bá ráyè, wá bá wa lálejò, ṣùgbọ́n mú ìbọ̀wọ́ tìrẹ dání. Tèmi ti ń rùn.

                                        Èmi ni, tìrẹ bíi ti àná,
                                        Pẹ́lẹ́ńgẹ́
                                        (èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀)