Yìgì Tí Wọ́n So Nínú Fíìmù

Ilé Ẹlẹ́ṣin,
Gàmbàrí, Ìlọrin,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Alàmísì, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Bashir, ọ̀rẹ́ mi láti ilé kéú,

Àsàlámù àléékúmù. Báwo ni Kánò? Ṣé ara le? Nafisah ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun dáadáa láti ìgbà tó ti bímọ? Ọmọ náà ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Mo rí ìyá rẹ ní Ọjà-Ọba lọ́jọ́ Àtàlátà. Ara wọn dá ṣáṣá, wọ́n kàn ní o kì í pe àwọn. Mo gbèjà rẹ, mo ní iṣẹ́ ni. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí n tún purọ́ nítorí rẹ mọ́.

Èmi náà wà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí lójú kan. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù, ni mo ṣe mú bírò.

O rántí fíìmù tí mo ní Ọ̀gá Àkànbí ń ṣe, èyí tó pè ní Idà Mọ̀múdù. Ìtàn ayé ogun ni. Mọ̀múdù mọ idà lò ju gbogbo ọmọ ogun lọ, ìyẹn sì ń ba àwọn ìjòyè méjì lẹ́rù. Ni ọ̀kan nínú wọn bá fi ọmọ rẹ̀ fún un láya, kí ọmọ náà lè máa ṣọ́ ọ fún wọn. Ọmọ dé ilé ọkọ tán, ìfẹ́ kó sí i lórí, ló bá tú àṣírí bàbá rẹ̀ fún ọkọ. Kí n lè kọ́ àwọn òṣèré ní idà ni wọ́n ṣe pè mí, nítorí bàbá bàbá mi tó máa ń gẹṣin ju idà lójú ààfin lọ́jọ́ Iléyá. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe Mọ̀múdù di idà mú bí ẹni di ọmọrogùn mú. Kò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí Ọ̀gá Àkànbí fi ní kó máa lọ, tí wọ́n sì wé láwàní fún mi.

Ummu-Kulthum ló ṣe ìyàwó. Ọmọ Alhaji Àbdùlkàdírì tó ń ta láwàní ní Ọjà-Ọba ni. Bàbá rẹ̀ ní òun á gbà fún un bí òun náà bá lè máa wà níbẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá ń ya fíìmù, ó sì gbé àga tirẹ̀ wá láti ilé. Èmi ni mo kọ́ Ummu-Kulthum ní idà, nítorí ibì kan wà tó ti máa bá ọ̀tá ọkọ rẹ̀ jà. Igi la kọ́kọ́ lò. Mo ní kó má wo idà, ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ ni kó máa wò. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti ń lé mi sẹ́yìn kan ògiri, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, Bashir. Mo mọ̀ pé wọ́n ti fi í fún Al-Ameen, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Oyè Mágàjí ilé wọn ṣófo, bàbá rẹ̀ ń wá a, ọ̀rọ̀ bàbá Al-Ameen ló sì máa ń rinlẹ̀ jù láàárín àwọn tó máa yan Mágàjí. Mo pa ẹnu mi mọ́.

Ọjọ́ tí a ya ibi ìsoyìgì ni gbogbo rẹ̀ dàrú. Ọ̀gá Àkànbí kò fẹ́ kí àwọn ará Ìlọrin fi òun ṣẹ̀sín, ó ní Àfáà tòótọ́ ni kó so ó. Bí wọ́n ṣe pe Àfáà Garba nìyẹn, tó ka kútúbà yìgì láìfo ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó yẹ kó ṣe bàbá ìyàwó kò wá, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ní Ọ̀fà. Ni wọ́n bá ní kí Alhaji Àbdùlkàdírì, tó kúkú ti jókòó síbẹ̀, bá wọn sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Hajarat lorúkọ ìyàwó nínú eré. Ṣùgbọ́n bóyá ojú kámẹ́rà ló ba Alhaji lẹ́rù, ó ní, "Mo fi Ummu-Kulthum ọmọ mi fún ọ." Mo ní, "Mo gbà á." Kùránì ni sàdáàkì tí ọkọ máa ń fún ìyàwó, mo sì gbé e kalẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì jẹ́rìí sí i. Ọ̀gá Àkànbí ní kò séwu, òun máa pààrọ̀ ohùn níbi orúkọ. A rẹ́rìn-ín, a sì jẹ ìrẹsì.

A kò mọ̀ pé ẹnì kan ti fi fóònù ká díẹ̀ níbẹ̀. Ó bọ́ sórí Wasáàpù, ó sì dé ilé àwọn Al-Ameen nígbà tí ìgbéyàwó wọn kù díẹ̀. O mọ ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ilé kéú pé a kì í fi yìgì ṣeré, a kì í sì í fi ìkọ̀sílẹ̀ ṣeré. Àwọn Àfáà kan ní fíìmù ni fíìmù, kò sí yìgì níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní bàbá rẹ̀ gan-an ló fi í fúnni, orúkọ rẹ̀ gan-an ló dá, ẹlẹ́rìí wà, sàdáàkì wà, kí ló wá kù? Bàbá Al-Ameen ránṣẹ́ pé àwọn kò ní so yìgì lórí yìgì. Ẹyin lohùn, Alhaji kò sì rí tirẹ̀ kó mọ́. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Èmi náà, bí mo bá gba Ọjà-Ọba kọjá, àwọn kan á ní "Ọkọ ìyàwó, ẹ kú oríire," wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín.

Àná, lẹ́yìn ìrun àsárì, wọ́n pè mí sí ilé Alhaji. Àfáà Garba wà níbẹ̀, bàbá Al-Ameen náà wà níbẹ̀, Ummu-Kulthum sì wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Àfáà Garba ní, "Abdulsobur, nígbà tó o ní o gbà á lọ́jọ́ yẹn, kí ló wà lọ́kàn rẹ?"

Òótọ́ wà lórí ahọ́n mi. Bí mo bá ní tọkàntọkàn ni mo fi gbà á, kò sẹ́ni tó máa lè pè é ní eré mọ́. Mo wo Alhaji. Ó ti rù, ó sì ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Mo ní, "Eré ni, Àfáà." Irọ́ ni mo pa, Bashir.

Àfáà ní bó bá tiẹ̀ jẹ́ eré, kí n sọ pé mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kí iyèméjì lè kúrò. Mo sọ ọ́. Ohùn mi kò jáde dáadáa, bàbá Al-Ameen sì ní kí n tún un sọ kí òun gbọ́. Mo tún un sọ. Alhaji dìde, ó dì mọ́ mi, ó ń ṣàdúà fún mi bí ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ojú tì mí.

Lẹ́yìn náà ni Àfáà kọjú sí aṣọ ìkélé, ó bi Ummu-Kulthum bóyá ó gbà láti fẹ́ Al-Ameen. Kò sọ nǹkan kan. Àfáà tún bi í, ó tún dákẹ́. O mọ̀ pé bí omidan bá dákẹ́, wọ́n á ní ó ti gbà nìyẹn. Inú gbogbo ilé dùn, wọ́n ní Alhamdulillahi.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Lọ́jọ́ tí a ya fíìmù, ohun tí Ọ̀gá Àkànbí kọ sínú ìwé eré ni pé kí ìyàwó dákẹ́ bí Àfáà bá bi í. Kò dákẹ́. Ó gbójú sókè wò mí, ó ní "Mo gbà" ketekete. Ọ̀gá Àkànbí bínú pé ó ba iṣẹ́ òun jẹ́, ó sì ní òun máa gé ibẹ̀ kúrò. Alhaji gbọ́ ọ, Àfáà náà gbọ́ ọ, wọ́n rò pé ó ṣì í sọ ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí di àná tí mo gbọ́ bó ṣe dákẹ́. Ẹnu mi ni mo sì ti fi kọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀mejì.

Àfáà ṣe àdúà ìparí. Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi náà ṣe é.

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí ni yìgì wọn. Bí o bá mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, pè mí kó tó di ọjọ́ náà. Bá mi kí Nafisah, kó o sì bá mi gbé ọmọ náà mọ́ra. Má fi lẹ́tà yìí han ẹnikẹ́ni.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí oorun kò kùn mọ́,

Abdulsobur.