Omi Tí Kò Kan Ilẹ̀

Mo mọ ohun tó wà nínú omi tí ìyàwó ọmọ mi ń mu láràárọ̀, mi ò sì tíì sọ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i, ọ̀rọ̀ náà ti gba oorun lójú mi.

Ààfáà ni ọkọ mi, Ọdẹ́dá la ń gbé. Ó máa ń kọ ẹsẹ̀ Kùránì sórí wàláà, a ó fi omi fọ̀ ọ́, aláìsàn àti aláboyún á mu ún. Omi òjò nìkan ló ń lò, èyí tí kò kan ilẹ̀, tí kò kan páànù. Èmi ni mo máa ń gbà á sílẹ̀. Mo na ọ̀rá búlúù ńlá sórí òpó nínú oko wa, jìnnà sí títì, kí eruku má bàa dé ibẹ̀... oòrùn ti pa ọ̀rá náà, ó ti ń já fọ́nrán-fọ́nrán bí aṣọ tó gbó, mi ò kà á sí.

Ọmọbìnrin mi tó ń kọ́ nípa omi ní yunifásítì bu díẹ̀ lọ, ó fi ẹ̀rọ wò ó. Fọ́nrán ike ló kún inú rẹ̀, kéékèèké, ojú lásán ò lè rí i. Ọjọ́ náà ni mo ká ọ̀rá kúrò. Mo gbé abọ́ tánganran sí gbangba, òjò rọ̀ sínú rẹ̀ tààrà, mo tún bu díẹ̀ fún un lọ... ó ní ike ṣì wà níbẹ̀, ó kàn dín kù ni. Ó ní afẹ́fẹ́ ló ń gbé e kiri, pé kódà yìnyín orí àwọn òkè ńlá tí ẹnikẹ́ni kì í gbé, wọ́n bá ike nínú rẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́? Níbi tí kò sí ènìyàn! Níbo wá ni kí n ti rí omi?

Oyún ti bàjẹ́ lára ìyàwó ọmọ mi rí. Èyí tó wà nínú rẹ̀ báyìí ti dàgbà kọjá àwọn ti tẹ́lẹ̀, omi yìí ló sì gbà pé ó dì í mú. Láàárọ̀ àná ó mu tán, ó nu ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín: "Màámi, ẹ̀yin náà ẹ mu díẹ̀, ẹ ṣì lè bímọ sí i o!" Ẹ̀rín ò jáde lẹ́nu mi. Mo bi ọmọbìnrin mi léèrè ohun tí ike ń ṣe fún ọmọ inú, ó ní àwọn tó ń wádìí rẹ̀ ò tíì mọ̀ dájú. Píọ́ wọ́tà ńkọ́? Ó ní ó wà nínú ìyẹn náà.

Tí mo bá sọ, àyà rẹ̀ á já, ìjayà nìkan sì lè ba oyún jẹ́. Ọkọ mi á ní mo tú òun fó. Tí mi ò bá sọ, tí nǹkan bá ṣe ọmọ yìí... ọwọ́ mi ló ti gba omi náà. Ẹ̀yin abiyamọ, ṣé kí n sọ fún un ni, àbí kí n dákẹ́ títí tí yóò fi bí i? Ó máa béèrè ti òwúrọ̀ ọ̀la lọ́wọ́ mi. Kí ni kí n gbé fún un?