Kíréyọ̀n Búlúù Inú Oríkèé Àga

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ọjọ́ kejìlá nìyí tí a ti sin Bàbá. Ọ̀gá Fáìlì wá láàárọ̀ — ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, inú ìwé yìí nìkan, nítorí kò sí ibi tí kì í gbé fáìlì rẹ̀ dé. Bóyá ó ń gbé e wọ ilé ìwẹ̀, n kò mọ̀. Ó já bébà kan lé mi lọ́wọ́. Ìpàdé ìrántí Bàbá máa wáyé ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nínú pálọ̀ Màámi. Kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé Bàbá, òun ló máa kà á. Ojú ewé kan péré.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ojú ewé kan. Ó ní èmi ni mo ráyè. Èmi tí mo ti dúró ti pákó láti aago méje.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo kọ ọ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù, lórí tábìlì iṣẹ́ Bàbá.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Bàbá nígbà tí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ káfíńtà kan tó ń ṣe fèrèsé. Ọdún méje ni wọ́n fi sìn ín. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n nígbà tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn, wọn ò sì kó kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi kú. Ìdajì ilẹ̀kùn àdúgbò yìí, ọwọ́ wọn ló ti jáde. Kọ́bọ́ọ̀dù ni Màámi wá ṣe tí wọ́n fi pàdé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màámi gbé ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀hún padà wá pé ó ń dún. Bàbá ní kò dún rí. Nígbà kẹta ni wọ́n gbé ike òróró sílẹ̀, wọ́n béèrè ọ̀nà ilé àwọn òbí rẹ̀.

Pátákó ìta: "Káfíńtà àti Àwọn Ọmọkùnrin Rẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo náà ni wọ́n bí, kò sì mọ bí a ti ń di ayùn mú. Èmi obìnrin ni ọmọ kejì, ọmọ ìkẹyìn. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ pátákó yẹn.

Mo fi ìpínrọ̀ kékeré kan sí i nípa ara mi: pé láti ọdún mọ́kànlá tí ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n, èmi ni mò ń gé igi, èmi ni mò ń gbẹ́ ẹ. Òótọ́ ni. N kò bù mọ́ ọn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ọ̀gá Fáìlì fi bírò pupa fa ìlà la ìpínrọ̀ mi kọjá. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Èyí á ba orúkọ Bàbá jẹ́." Mo bi í pé báwo. Ó ní nítorí ọwọ́ Bàbá ni àwọn èèyàn fi ra àga, ṣé ká wá sọ fún wọn báyìí pé a ti ń tàn wọ́n?

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó gbé e wá gan-an. Ó ti rí ẹni tó máa gba ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin kan tó ń ta fóònù. Ní ìpàdé ló máa kéde rẹ̀. "Iṣẹ́ Bàbá ti bá Bàbá lọ." Èmi ńkọ́? Ó ní mo lè máa ṣe àwọn nǹkan kéékèèké nílé. Àpótí ìjókòó, irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Òòlù wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde." Ó wo òòlù, ó jáde. Ṣùgbọ́n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹnìkan kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀, èmi wá fẹ́ fi tèmi jogún ún.

Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Orúkọ tí Bàbá ń pè mí láti kékeré náà nìyẹn, Ọlọ́wọ́ Òsì. Rúlà ni Bàbá fi ń gbá ọwọ́ náà nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Nígbà tó yá ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n fi mí sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìwé nìkan ló ń gbọ́, màá sọ ọ́. Bàbá gan-an ni mò ń bínú sí. Màá máa pè é ní "ó" láti òní, bí ẹgbẹ́ mi.

Bí a ti ń ṣe àga nìyí: à ń gbẹ́ ihò sára igi kan, à ń gbẹ́ ahọ́n sí orí èkejì, a ó fi gọ́ọ̀mù pa ahọ́n, a ó tì í bọnú ihò, ó di oríkèé. Kò sí ìṣó níbẹ̀. Èmi ni mò ń gbẹ́ ihò. Èmi ni mò ń gbẹ́ ahọ́n. Ṣùgbọ́n tó bá ti ku gọ́ọ̀mù, á ní kí n jáde. Lọ ra sáńpépà. Lọ wo ìyá ẹ. "Gọ́ọ̀mù, iṣẹ́ àgbà ni." Ọdún mọ́kànlá! Kí n tó padà dé, àga ti di odindi. Oníbàárà á dé, á máa yìn ín pé ọwọ́ Bàbá yìí kì í gbó. Bàbá á ní, "Ẹ ṣé." Èmi á máa gbálẹ̀.

Kò sọ ọ́ rí. Kì í ṣe lójú oníbàárà, kì í ṣe nígbà tí àwa méjèèjì bá wà, kì í ṣe lórí àìsàn. Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún oṣù méjì. Ohun tó bi mí ni pé ṣé mo ti ti fèrèsé ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo pọ́n gbogbo irin.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ojú tì mí lónìí. Tíṣà Àgbà, ìyá tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé kó tó fẹ̀yìn tì, gbé àga kan wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lọ́tọ̀. Ọ̀kan nínú mẹ́fà tí wọ́n rà lọ́dọ̀ wa lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn ni. Ta ló fọ́ ọ? Ọ̀gá Fáìlì. Ó lọ pè wọ́n sí ìpàdé, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ àga méjì iwájú sókè, ó ń fẹ̀yìn mì bí ẹni tó wà lórí àga amìmì, títí àga fi dá a sílẹ̀. Tíṣà Àgbà ní, "Mo sọ fún un kó jókòó dáadáa. Bó ṣe ń ṣe náà nìyẹn ní kíláàsì kẹrin."

N kò lè rẹ́rìn-ín. Oríkèé tí mo gbẹ́ ló yọ. Ọ̀gá Fáìlì sì ti pè mí lórí fóònù: "Ṣé o rí i? Èyí tó o ní kí n kà síta náà nìyẹn."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo gbé ẹsẹ̀ àga lọ síbi fèrèsé. Ahọ́n rẹ̀ mọ́ rekete, kò ya, kò sán. Gọ́ọ̀mù mú ojú kan, kò mú ojú kejì. Búlúù ni ojú kejì yẹn. Ìkọ̀wé ni.

"Ọlọ́wọ́ Òsì ló gbẹ́ ẹ. Kò lábùkù."

Ìkọ̀wé Bàbá ni, ó rí wágawàga. Kíréyọ̀n onída ló fi kọ ọ́, èyí tí a fi ń sàmì sí pákó, torí ojú rẹ̀ ò rí pẹ́ńsù mọ́. Ìda, bíi ti àbẹ́là! Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ mi nínú iṣẹ́ yìí ni pé gọ́ọ̀mù kì í mú ibi tí ìda bá wà. Ó gbá mi létí nítorí rẹ̀ nígbà kan.

Ó mọ̀. Ó mọ̀, ó sì kọ ọ́. Ìdajì gọ́ọ̀mù ló di àga yẹn mú fún ọdún mẹ́jọ. Ìyókù, bí mo ṣe gbẹ́ ẹ kó fún ni.

Mo sunkún. Lẹ́yìn náà inú bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibi tí ojú kankan ò lè dé ló kọ ọ́ sí. Àfi tí iṣẹ́ mi bá bàjẹ́ ni mo tó lè kà á.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo lọ sílé Tíṣà Àgbà. Mo tọrọ àyè, mo fi òòlù gbá oríkèé kan jáde lára àga mìíràn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Búlúù. Ọ̀rọ̀ kan náà. Tíṣà Àgbà wọ awò wọn, wọ́n kà á sókè, wọ́n tún un kà. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí kò fi ẹnu sọ ọ́?"

Mo ní, "Ohun tí èmi náà ń béèrè nìyẹn, Mà."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Pálọ̀ kún. Ọ̀gá Fáìlì ka ojú ewé kan rẹ̀. Ó dé ìparí: "Bàbá kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà." Mo dìde, mo gbé ẹsẹ̀ àga lé Tíṣà Àgbà lọ́wọ́. Wọ́n fi ohùn kíláàsì kà á.

Ọ̀gá Fáìlì ní ẹnikẹ́ni lè fi kíréyọ̀n kọ nǹkan.

Màámi ò tilẹ̀ gbé orí sókè. Wọ́n ní, "Èmi ni mò ń bá a ra kíréyọ̀n ọ̀hún. Tó bá rán ọmọ yìí sí mi pé kó wá wò mí, mo mọ̀ pé ó ń kọ ọ́ lọ́wọ́."

Ọdún mọ́kànlá. Màámi náà. Mo bi wọ́n níwájú gbogbo èèyàn pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi. Wọ́n ní, "Ó ní tó bá yìn ọ́, o ò ní gbẹ́ ẹ dáadáa mọ́." Mo ní irọ́ ni. Màámi ní, "Mo sọ fún un pé irọ́ ni."

Wọ́n tú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ti Bàbá gan-an, kúrò létí ìró wọn, wọ́n nà án sí mi. Wọ́n ní kí oní-fóònù wá ibòmíràn lọ. Ọwọ́ òsì ni mo fi gbà á. Ọ̀gá Fáìlì pòṣé. Màámi ní kó jókòó, kó sì jókòó dáadáa.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ń tún àga Tíṣà Àgbà ṣe. Gọ́ọ̀mù ò ní mú àfi tí ìda náà bá kúrò, kò sí ọ̀nà mìíràn. Mo fi irin fá a. Ọ̀rọ̀ Bàbá bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí pákó, búlúù díẹ̀díẹ̀. Mo gbá a pọ̀ mọ́ ìyókù, mo dà á nù. Ó ku àga mẹ́rin tí n kò tíì tú, n kò sì mọ iye tó wà nílé àwọn ẹlòmíràn.

Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ẹ gbọ́, Bàbá, inú ṣì ń bí mi. Mo ti ti fèrèsé.