Òkè Ngwo Kò Jẹ̀bi

Àtìní, 6 oṣù kẹwàá 2025
Ìwé tuntun. Afeezat, ọmọ ọmọ mi, ló rà á fún mi, ó ní kí n máa kọ ohun tí ojú mi ń rí. Ó dáa. Èmi Alhaji Afọlábí, atúnaagoṣe, Thinkers Corner, Enugu. Ìwé mẹ́ta ni mo kà. Ilé alájà mẹ́ta ni mo kọ́ sí Amechi. Kíláàsì kan, àjà kan. Kí ẹni tó ka yunifásítì wá fi tirẹ̀ hàn mí.
Ìrun márùn-ún lónìí, gbogbo rẹ̀ lásìkò. Ọdún mọ́kànlélógójì tí mo ti wà nílùú yìí, ìrun kan kò bọ́ lọ́wọ́ mi rí. Aago mi kì í purọ́.

Àtàláátà, 7
Kánjúkánjú tún pe Màgàríbì ṣáájú àsìkò. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá gbáko. Zulkifli lorúkọ rẹ̀, ọmọ Auchi, ọdún kejì rẹ̀ rèé tó ti ń ṣe ládánì mọ́sáláṣí wa. Kó tó dé, kàlẹ́ńdà mi ni gbogbo jàmáà ń lò. Sàrátù àbúrò mi ló ń fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn lọ́dọọdún, àsìkò gbogbo ìrun wà lórí rẹ̀. Aago ara ògiri mọ́sáláṣí náà, èmi ni mo fi ta wọ́n lọ́rẹ. Kánjúkánjú kì í wò ó. Ojú ọ̀run ló ń wò.
Mo sọ fún un pé òkè Ngwo ló ń tàn án. Oòrùn kò tíì wọ̀, ẹ̀yìn òkè ló sá sí. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò wù mí. Ìrun tí a bá kí kí àsìkò tó tó, a kò kí nǹkan.
Wọ́n kí tiwọn. Mo jókòó, mo dúró de àsìkò, mo dá tèmi kí. Ó lè jẹ́ pé èmi nìkan ni Màgàríbì mi gún ní Enugu lónìí.

Àlàmísì, 9
Márùn-ún. Lásìkò.

Jímọ̀, 10
Lèmọ́mù pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: kí ló wà láàárín èmi àti Zulkifli? Mo ní kó yan ọ̀kan nínú wa. Ó ní kí n kọ ẹ̀sùn mi sílẹ̀, ìpàdé di Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti mọ ibi tó máa já sí. Ta ló fẹ́ dìde sí mi níbẹ̀? Kánjúkánjú á kó kúrò ní yàrá ẹ̀yìn mọ́sáláṣí, ti ládánì ni yàrá yẹn. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìyẹn dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrun ni ìrun.
Ìyá Dárasími, ìyàwó mi, gbọ́. Ó ní, "Bàbá Dárasími, bí ẹ bá tẹríba ní rùkúù, ọwọ́ òsì yín lẹ máa ń wò. Ṣé Ọlọ́hun lẹ ń kí ni, àbí aago?"
Mo ní kó lọ wo ọbẹ̀ rẹ̀.

Sọ́ńdè, 12
Mo ṣọ́ ara mi lónìí, kí n lè já irọ́ ìyàwó mi. Àìlà: mo wo aago lẹ́ẹ̀mejì. Àlàásárì: n kò wò ó rárá. Aago Sandra tó ń ta okpa, ọ̀lẹ̀lẹ̀ àwọn Ìgbò, níwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo ń tún ṣe nínú orí mi, láti kábárà títí dé sàlámà. Mo rí ibi tí sípíríǹgì rẹ̀ ti yẹ̀. Mo délé iṣẹ́, mo fi ọwọ́ kàn án, ó ṣiṣẹ́.
Aago náà ṣiṣẹ́. Ìrun yẹn — n kò mọ̀.

Àlàrùbá, 15
Mo fún Afeezat ní ẹ̀sùn mi kó bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.
"Grandpa, where dem print this calendar?"
Mo ní Ìbàdàn.
"But we dey Enugu."
Mo ní Ọlọ́hun Ìbàdàn náà ni Ọlọ́hun Enugu. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń dé ọ̀dọ̀ wa kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì máa ń kúrò lọ́dọ̀ wa kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n kọ́ wọn níléèwé. Mo ní òkè Ngwo ni. Ó ní, "Òkè Ngwo dey where sun dey go down. Where e dey come out ńkọ́? Which hill dey there?"
Mo ní kó máa tẹ ẹ̀sùn mi lọ. Ọmọdé a máa sọ̀rọ̀.

Jímọ̀, 17
Òkè wo ló wà níbẹ̀?

Sátidé, 18
Mo kí Àsùbáà tán, mo gun òrùlé ilé mi. Aago mẹ́ta lọ́wọ́, kí ọ̀kan má baà ní ìkejì ń purọ́. Òjò àná ti fọ ojú ọ̀run mọ́. Kàlẹ́ńdà ní oòrùn á yọ ní mẹ́fà kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.
Ó yọ ní mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Aago mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò.
Mo pe Sàrátù. "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní kó jáde síta, ṣé oòrùn ti yọ? "Oòrùn kẹ̀? Adìyẹ wa kò tíì sọ̀ kalẹ̀." Mo ní kó má pa fóònù. A dúró. Ó ń sọ̀rọ̀ orúnkún rẹ̀, mo ń wo aago. Nígbà tó yá: "Ẹn-ẹ́n, ó ti ń yọjú, Bọ̀ọ̀dá. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"
Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá.
Aago mi kò purọ́. Òkè Ngwo kò jẹ̀bi. Kàlẹ́ńdà pàápàá kò jẹ̀bi, Ìbàdàn ló ń bá sọ̀rọ̀.
Mo ti sọ̀ kalẹ̀ tán kí n tó rántí sààrì. Ọdún mọ́kàndínlógójì, kí Zulkifli tó dé, ni jàmáà fi ń wo kàlẹ́ńdà mi kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kúrò nílẹ̀. Ilẹ̀ ti ń mọ́ lé wa lórí, a ṣì ń jẹ ẹ̀wà.
Mo sọ fún Ìyá Dárasími. Ó ronú. "Abájọ tí ààwẹ̀ ilé yìí kì í fi í nira." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.
Bí mo bá dákẹ́ lọ́la, ta ni yóò mọ̀? Ẹ̀sùn ti wà nínú àpò mi, Afeezat ti tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, ó dùn ún kà.

Sọ́ńdè, 19
Mọ́sáláṣí kún. Lèmọ́mù ní kí n dìde. Ìyàwó Zulkifli wà lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti di ẹrù kan.
Mo fi ìwé náà sílẹ̀ nínú àpò. Mo ní ẹ mọ̀ pé n kì í jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí mo bá máa jẹ̀bi, n kì í jẹ̀bi ní kékeré: ọdún mọ́kàndínlógójì. Kí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ dìde. Mo wá ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, òrùlé, aago mẹ́ta, adìyẹ Sàrátù.
Alhaji Akínkúnlé, tó dàgbà jù wá lọ, ní, "Sààrì wa ńkọ́?" Lèmọ́mù ní Ọlọ́hun kì í fi àṣìṣe tí a kò mọ̀ mú ẹrú rẹ̀, kí a tọrọ àforíjì, kí a sì máa gbọ́ ti Zulkifli.
Mo bi Zulkifli pé kí ló dé tí kò sọ fún mi.
"Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ. Ẹ ní òkè Ngwo ni."
Wọ́n rẹ́rìn-ín mi. Ẹ̀rín tèmi ló le jù.
Mo bọ́ aago sílẹ̀ láti ṣe àlùwàlá. Zulkifli pe Màgàríbì, mo dúró nílà iwájú. Sípíríǹgì kankan kò wá sọ́kàn mi. Mo forí kanlẹ̀, ó pẹ́ títí, mo rò pé Lèmọ́mù ti gbàgbé wa síbẹ̀. Àwọn yòókù ní kò pẹ́ rárá.
Nígbà tí a jáde, mo wo ọwọ́ òsì mi. Òfìfo. Mo bi Kánjúkánjú pé aago mélòó ló lù.
Èmi, atúnaagoṣe.