Káàdì Rẹ Ni Mo Fi Wọlé Lọ́jọ́ Náà

Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí ìkókó tuntun. Mo gbà pé ara gbogbo yín le, mo sì fẹ́ kó máa le bẹ́ẹ̀ lọ. Tèmi ni kò dáa. Ìyàwó mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, torí ọwọ́ ọ̀tún mi ti wà nínú báńdéèjì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo pè ọ́ títí, o ò gbé fóònù. Àbí kí ni mo ṣe fún ọ?

Ṣé o rántí àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn? O sáré wá bá mi nílé, bàtà ẹsẹ̀ rẹ ò bára mu, o ní ìyàwó rẹ ti ń rọbí. Ọjọ́ ìsinmi mi ni. O ní, "Jọ̀ọ́, bá mi dúró nídìí ẹ̀rọ. Bí mo bá tún pa iṣẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á lé mi." Mo gba káàdì iṣẹ́ rẹ, mo fi wọlé. Gbogbo wa la máa ń ṣe é nílé iṣẹ́ wa. Mo tiẹ̀ fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé orúkọ mi lo máa sọ ọmọ náà. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́wàá, páálí há sẹ́nu ẹ̀rọ. Mo rò pé mo ti pa ẹ̀rọ náà, mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, àfi gbàù! Ìka méjì lọ lójú ẹsẹ̀, àwọn tó kù fọ́.

Fọ́máànù bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, ó fi di ọwọ́ mi, ó gbé mi lọ sọ́sípítù. Òun kan náà ló ń sọ báyìí pé ẹnu géètì lòun ti bá mi, kì í ṣe nídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀rù ló ń bà á, mo mọ̀.

Ọkùnrin ìnṣọ́ránsì wá sílé wa. Ó ṣí fáìlì, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní òfin wà lóòótọ́ pé ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba owó gbà-má-bínú, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìwé wa sọ pé ẹ ò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ náà, bàbá." Mo ní káàdì rẹ ni mo lò. Ó ní wọ́n ti bi ọ́, o ní ìwọ fúnra rẹ lo wà nídìí ẹ̀rọ. Háà, Ẹlẹ́rìn-ín! Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Dókítà wo ọwọ́ náà lánàá, ó ti ń dúdú. Ó ní bí iṣẹ́ abẹ kejì ò bá wáyé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àfi kí wọ́n gé e lọ́rùn ọwọ́. Ọsípítù ò sì ní dáwọ́ lé e láìrí ìwé ìnṣọ́ránsì. Ọjọ́ Ẹtì yìí ni wọ́n máa pa fáìlì mi dé. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní parọ́ fún ọ.

Mo mọ̀ pé bí o bá sọ òótọ́, iṣẹ́ rẹ lè lọ. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìwọ á rí iṣẹ́ mìíràn. Níbo lèmi á ti rí ọwọ́ mìíràn? Èmi tí mo fi ọdún mẹ́ta jù ọ́ lọ ni mo dọ̀bálẹ̀ fún ọ yìí. Jọ̀ọ́, lọ bá wọn, sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Kí Ọlọ́run wo ọmọ náà dàgbà. Ojú rẹ̀ ò ní rí ohun tí ojú mi rí. Bó o bá wá, bó ò bá wá, mi ò ní ṣépè fún ọ.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tó bá ọ dúró nídìí ẹ̀rọ.

Àfikún: Bàbá Ìkókó, èmi ìyàwó ọ̀rẹ́ yín ni mo ń kọ eléyìí, òun ò mọ̀. Mo ti lọ sílé ìgbẹ̀bí. Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé fún mi: ẹ fọwọ́ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi bàbá ọmọ, aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Mo ní ká fi han ìnṣọ́ránsì, ọkọ mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí ẹ bá fẹnu ara yín jẹ́wọ́, wọ́n lè ṣàánú yín, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àwa la tú yín fó, ẹ̀wọ̀n ni. Ó ní òun ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín. Èmi lè ṣe é. Bó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tí a ò rí yín, èmi á mú àwọn ìnṣọ́ránsì lọ sílé ìgbẹ̀bí náà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí n lọ.