Ìró Sálúbàtà Nínú Èjìká Mi

Olóòtú wa, mo kí yín, mo kí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa. Ẹ bò mí láṣìírí, aránṣọ ṣáà ni mí.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí mò ń pè ní Àǹtí, ló tọ́ mi. Tí abọ́ bá bọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n á ní kí n kúnlẹ̀, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè. Bí apá mi bá ti wálẹ̀ díẹ̀, màá gbọ́ sálúbàtà wọn tó ń wọ́lẹ̀ bọ̀, pàṣán á sì tẹ̀ lé e.

Mo ti di ìyá ọlọ́mọ, àmọ́ èjìká ò jẹ́ kí n ránṣọ. Fọ́tò egungun tí mo yà ò fi nǹkan kan hàn. Dókítà rọra bi mí pé, “Ìyá, báwo ni wọ́n ṣe tọ́ yín?” Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn.

Àǹtí ti darúgbó báyìí, ẹbí sì ní ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa gbé. Ọkọ mi ní, “Ṣebí àwọn ló tọ́ ẹ?” Ẹni tó ṣu ti gbàgbé, ẹni tó kó o ò gbàgbé.

Mo ra sálúbàtà tí kì í dún dè wọ́n. Àná ni mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n máa lò tí wọ́n bá dé. Ẹnikẹ́ni ò tíì wọ̀ ọ́, apá mi ò sì ṣeé gbé sókè mọ́.

Ẹ̀yin òbí mi, kí ni kí n sọ fún ẹbí?