Ilẹ̀kùn Tí Mo Nù Sílẹ̀ De Àwọn Jandáàmù

Datcha

Bérénice ọmọ mi,

Mo kí ọ títí, ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún mi tó ń dùn mí náà ní kí n bá òun kí ọ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí Lomé gbé ọ mì.

Olè ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ lọ nígbà tí a wà lóko. Àwọn ará àdúgbò ní Gaël ni, ọmọ tó ń fi zẹ́mì, alùpùpù akérò, ṣiṣẹ́, tó ń fẹ́ Rosine àbúrò rẹ, torí wọ́n rí i tó ń yí ilé wa ká. Rosine ò jẹun mọ́, ẹkún ló ń sun. Bí mo ṣe gbọ́ pé àwọn jandáàmù, ọlọ́pàá ìjọba, ń bọ̀ láti Atakpamé, mo ní ojú á tì mí bí àlejò ìjọba bá bá ilé mi ní ìdọ̀tí. Mo gbá àgbàlá, mo wọ́n omi sí i, mo fi aṣọ tútù nu ilẹ̀kùn títí ó fi ń dán. Ọ̀gá wọn dé, ó wo ilẹ̀, ó wò mí, ó ní ipasẹ̀ olè ni mo gbá dànù yẹn. Mo ní kò burú, ó wà lórí ààtàn, kó lọ ṣà á.

Wọ́n ta okùn pẹlẹbẹ yí ilé ká pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé, èmi baálé wá dúró níta bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó. Ọ̀kan ń ya fọ́tò, ọ̀kan tún ń fi gègé ya yàrá kan náà sórí ìwé, bíi pé kò gba fọ́tò ẹnìkejì rẹ̀ gbọ́, ọ̀kan ń kọ ohun tí a bá sọ sílẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ló ń mú olè nínú wọn, wọ́n ní kí n sún sẹ́yìn okùn. Èyí tó wọ ìbọ̀wọ́ ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun àtíkè sí ilẹ̀kùn mi bí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Mo ní tó bá ṣe tán kó bá mi kun ti ilé ìdáná.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ti tẹ̀, ibi tí ọwọ́ mi dé ni mo nù mọ. Àtíkè yẹn fi àtẹ́lẹwọ́ olè hàn lókè pátápátá, níbi tó fọwọ́ tì nígbà tó ń já ilẹ̀kùn. Wọ́n ránṣẹ́ pe Gaël, wọ́n ní kó nàwọ́ kan ibẹ̀. Ó nà, ó na ọrùn, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, kò débẹ̀. Wọ́n tẹ ọwọ́ rẹ̀ sórí ìwé, kò jọ ti ara ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kó máa lọ. Èmi tí mo ti ń sọ pé kò ga tó láti jẹ́ àna mi, mo wo ibòmíràn. Rosine jẹ àwo ìrẹsì méjì.

Ọkùnrin gíga ni wọ́n ń wá báyìí, gbogbo àwọn tó ga ní Datcha ló ń tẹríba rìn.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ká ra àgádágodo, ká sì yá ẹ̀rọ rán aṣọ ìgbéyàwó Rosine. Ti Gaël ò ní gba aṣọ púpọ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n rí àmì ọwọ́ rẹ níbi tí o ò dé rí.

Bàbá rẹ ni.